Ẹ gbà mí o, gbogbo ìpínrọ̀ tí mo tọ́jú sínú Word ti pòórá!

Àbẹ̀kẹ́ (Lọ́ńdọ̀nù): Ẹ̀yin ará ilé, ẹ dákun. Wọ́n pààrọ̀ kọ̀ǹpútà mi níbi iṣẹ́ láàárọ̀ yìí. Àwọn ìpínrọ̀ tí mo fi ń dá oníbàárà lóhùn, tí mo kàn ń tẹ lẹ́tà díẹ̀ àti F3, kò sí ìkankan níbẹ̀ mọ́. Iṣẹ́ sì wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ!

Brọ̀dá Kọ́lá (Houston): Pẹ̀lẹ́, àbúrò. Má jẹ́ kí wọ́n pa nǹkan rẹ́ lórí ti àtijọ́ o. Tẹ %appdata% níbi àdírẹ́sì fódà lórí rẹ̀, kí o wọ Microsoft. Fáìlì Normal.dotm wà nínú fódà Templates, ibẹ̀ ni AutoText, ìyẹn irú ìpínrọ̀ tí a fi F3 ń pè jáde, sábà máa ń wà. Ti Quick Parts, àkójọ ìpínrọ̀ mìíràn nínú Word, fáìlì Building Blocks.dotx ni. Pa Word dé kí o tó kó wọn.

Ìyá Ìbejì (Toronto): Ẹ ṣọ́ra fún ìbéèrè tí Word ń bi èèyàn tó bá fẹ́ pa á dé, pé ṣé kó tọ́jú àyípadà inú Building Blocks. Mo tẹ Don't Save lọ́jọ́ kan, mo rò pé lẹ́tà iwájú mi ló ń sọ. Gbogbo ohun tí mo kó jọ lọ́jọ́ náà ló bá a lọ.

Adé (Dublin): Ẹ̀bi yín kọ́, mà. Ìbéèrè yẹn ò yé ẹnikẹ́ni.

Brọ̀dá Kọ́lá: Kò yé ta ni? Orúkọ fáìlì wà níbẹ̀ gbangba!

Adé: Ẹ̀gbọ́n, ìrọ̀lẹ́ Friday, ta ló ń ka orúkọ fáìlì? Tí ẹ bá ti tẹ Alt+F3 láti tọ́jú ìpínrọ̀ tuntun, ẹ mú Normal níbi Save in. Word á tọ́jú ẹ̀ fúnra ẹ̀.

Brọ̀dá Kọ́lá: Tí Normal bá wá bàjẹ́ ńkọ́? Ẹ ṣe ẹ̀dà rẹ̀ síbòmíì.

Àbẹ̀kẹ́: Ẹ jọ̀ọ́, Mac ni tuntun tí wọ́n gbé fún mi o.

Brọ̀dá Kọ́lá: Mac! Ẹ̀yin ará Lọ́ńdọ̀nù àti fáàrí!

Ìyá Ìbejì: Èmi, AutoCorrect ni mo fi ń kọ orúkọ. Mo bá tẹ "olws", Olúwaṣeun á jáde tàmì-tàmì. Kí àwọn ará Houston wá kẹ́kọ̀ọ́.

Brọ̀dá Kọ́lá: Yìnyín ló há yín mọ́lé, ẹ ráyè àmì!

Adé: Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́, ó dùn mọ́ni. Níbi iṣẹ́ mi, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi tán. Ọjọ́ tí mo bá rí i lójú ìwé pẹ̀lú àmì ẹ̀, bíi pé màámi ló ń pè mí.

Ìyá Ìbejì: Ọmọ mi, pẹ̀lẹ́. Nọ́ńbà fóònù màámi ni mò ń wá báyìí.

Adé: Ẹ bá mi kí wọn, mà. Ṣé "olws" yẹn ń ṣiṣẹ́ lórí Google Docs?

Ìyá Ìbejì: Tools, Preferences, Substitutions. Ibẹ̀ ni kí o tẹ̀ ẹ́ sí.