Ṣé "ìlera ayélujára" ló yẹ ká máa pè é?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ.

Ohun tá à ń jiyàn lé lórí ni orúkọ tó yẹ ká fún gbogbo ètò tó ń mú ìtọ́jú aláìsàn gba orí fóònù àti kọ̀ǹpútà. Ẹnìkan nínú wa dábàá "ìlera ayélujára". Ẹlòmíì ní "ìwòsàn orí ẹ̀rọ" ló dùn létí jù. Bùrọ̀dá wa tó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù wá ní ká wo ọ̀dọ̀ àwọn ará Gúúsù Éṣíà, torí ó pẹ́ tí wọ́n ti ń lo irú nǹkan bẹ́ẹ̀, nílé àti ní Bìrìtéènì. Mo gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu, mo wò ó, ohun tí mo rí níbẹ̀ ló sì mú mi tako orúkọ méjèèjì.

Ẹ jẹ́ ká ti orí "ayélujára" bẹ̀rẹ̀. Ètò kan wà ní Íńdíà tó ń jẹ́ Kilkari, ìjọba wọn gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 2016. Ìpè lásán ni. Láti ìgbà tí oyún bá ti wọ oṣù kẹrin títí ọmọ á fi pé ọdún kan, fóònù ìyá á máa dún lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ìpè 72 lápapọ̀. Ohùn obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Dókítà Anita á máa bá a sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ, abẹ́rẹ́ àjẹsára àti fífún ọmọ lọ́yàn. Wọ́n ṣẹ̀dá Dókítà Anita ni, kí ìmọ̀ràn náà lè ní ohùn tí ìyá á máa dá mọ̀. Fóònù tọ́ọ̀ṣì kékeré gbé e. Kò bèèrè dátà, ẹni tí kò kàwé rárá á sì gbọ́ ọ yé. Bá a bá wá ní "ìlera ayélujára" lorúkọ, a ti ti ilẹ̀kùn mọ́ Kilkari síta, bẹ́ẹ̀ irú rẹ̀ gan-an là ń wá orúkọ fún.

Ẹ tún wo Aponjon, ètò ìmọ̀ràn orí fóònù fún aboyún, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Bangladẹ́ṣì lọ́dún 2012. Ní èdè Bẹ̀ǹgálì, ohun tí orúkọ yẹn ń sọ kò jìnnà sí "ẹni ẹni" tiwa. Yàtọ̀ sí ìmọ̀ràn tó ń lọ sọ́dọ̀ aboyún, wọ́n ṣètò tirẹ̀ lọ́tọ̀ fún ọkọ tàbí ìyá ọkọ. Ẹni tó bá mọ ilé wọn á mọ ìdí rẹ̀: ọwọ́ ọkọ ni fóònù sábà máa ń wà, ìyá ọkọ ló sì máa ń sọ bóyá kí ìyàwó lọ sílé ìwòsàn tàbí kó má lọ. Mo gba ti àwọn tó sọ ọ́ lórúkọ yìí púpọ̀. Wọ́n wo ẹni tó máa gbé fóònù sétí, wọn ò wo ẹ̀rọ.

Ó kan "ìwòsàn". Wò kí ó sàn ni. Àbájáde ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. ABHA, nọ́ńbà oní-díjíìtì 14 tí Íńdíà ń fún aráàlú, kì í wo ẹnikẹ́ni sàn. Àkọsílẹ̀ ìtọ́jú ló ń so pọ̀. Aarogya Setu, áàpù orí fóònù tí ìjọba Íńdíà gbé jáde ní ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 2020, máa ń kìlọ̀ fún ènìyàn nígbà àjàkálẹ̀ náà pé ó ti wà nítòsí ẹni tó ní Kòrónà, Bluetooth àti ibi tí fóònù wà ló sì fi ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ìjọba sọ ọ́ di dandan fún àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tó ń ṣọ́ wọn, kí oṣù náà sì tó parí ìjọba ti dẹ okùn rẹ̀. Ẹnìkan lè ní ilé ìwòsàn pàápàá kì í wo gbogbo ènìyàn sàn. Bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìwòsàn ni wọ́n ń gbìyànjú níbẹ̀. Ká pe ohun tó ń tọpa ènìyàn ní ìwòsàn, ìlérí tí kò lè mú ṣẹ la bá a ṣe.

Ní Bìrìtéènì, ọ̀rọ̀ náà tún lágbára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní Tower Hamlets ní Lọ́ńdọ̀nù, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn ará àdúgbò tó jẹ́ ọmọ Bangladẹ́ṣì, agbègbè Sylhet níbẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ wọn ti ṣẹ̀ wá. Sylheti, èdè agbègbè náà, ni wọ́n ń sọ nílé. Bẹ́ẹ̀ tí àwọn elétò ìlera bá ní àwọn túmọ̀ nǹkan fún wọn, Bẹ̀ǹgálì inú ìwé ni, ìyá àgbà tí kò lọ síléèwé kò sì lè kà á. Àwọn ará Mirpur, tó wá láti apá Kàṣímírì tó wà lábẹ́ Pakísítánì, tí wọ́n wà ní ìlú Bradford náà ń sọ Pahari, Úrúdù ni wọ́n ń kọ fún wọn. Ọmọ ló máa wá ń ṣí NHS App, áàpù ètò ìlera ìjọba Bìrìtéènì, fún ìyá, òun ló máa ka èsì àyẹ̀wò sí i létí. Àìsàn sì wà tí ìyá kò ní fẹ́ kí ọmọ gbọ́. Àwọn òbí tiwa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù mọ ohun tí mò ń sọ.

Nítorí náà, ọ̀rọ̀ yòówù tá a bá ṣẹ̀dá, mo fẹ́ kó jẹ́ èyí tá a lè sọ lórí fóònù fún ẹni tí kò mọ̀wé, kó yé e láìsí àlàyé. Ọ̀rọ̀ àyálò bí "onídíjítà" (digital) kò lè yege níbẹ̀.

Èyí tí mo mú wá ni "ìtọ́jú àtagbà". A ti ń lo àtagbà fún ohùn àti ìròyìn tẹ́lẹ̀, ó gba ìpè, ó gba àtẹ̀jíṣẹ́, ó gba àwòrán, kò sì sọ pé dandan ni kí íńtánẹ́ẹ̀tì wà níbẹ̀. Ẹnìkan ń ta, ẹnìkan ń gbà, èyí tó bá eSanjeevani, ètò rírí dókítà láti òkèèrè ní Íńdíà, mu dáadáa: òṣìṣẹ́ ìlera á jókòó ti aláìsàn ní abúlé, dókítà á máa dá wọn lóhùn láti ìlú. Èyí wà fún ìwé ìjọba àti ìwé ìròyìn o. Lẹ́nu ojoojúmọ́, "rírí dókítà lórí fóònù" tó, kò sídìí láti dá ọ̀rọ̀ mìíràn.

Nǹkan bí ABHA ló kù tí n kò tíì rí ojútùú rẹ̀. "Àkọsílẹ̀ ìtọ́jú" dára, ṣùgbọ́n káàdì ni aláìsàn ń pè é nílé ìwòsàn wa, ibi gbígba káàdì ni gbogbo wa ti ń bẹ̀rẹ̀. Èmi ń rò "káàdì àtagbà". Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì tó wà láàárín wa, kí lẹ̀ ń gbọ́ lẹ́nu àwọn aláìsàn yín?