Bébà funfun wà níwájú mi: níbo ni ẹ ti ń rí ohun tí ẹ ó kùn?

Olùkọ́ Ìfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín o. Ọdún kejì rèé tí mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, tí mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀dà olómi kun àwòrán sínú ìwé kan tí mo ń pè ní ìwé àwòrán ojoojúmọ́. Mo máa ń gbìyànjú láti kun ojú ewé kan lóòjọ́, kí n kọ ọjọ́ sí i, kí n sì fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa ohun tí ojú mi rí. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òdòdó, ìkòkò àti igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé ni mo ń yà, ọwọ́ mi sì ń dán sí i. Ṣùgbọ́n ọkàn mi ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Àwòrán tí wọ́n ń pè ní abstract ni ó ń wù mí, èyí tí ènìyàn kò lè nawọ́ sí kí ó ní igi nìyí tàbí ilé nìyí, tí ó jẹ́ pé àwọ̀, omi àti ìlà nìkan ni ó ń bá ọkàn sọ̀rọ̀.

Nígbà tí mo ń ya ìbẹ́pẹ, ìbẹ́pẹ náà wà níwájú mi, mo mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí n ó parí rẹ̀ sí. Nísinsìnyí tí kò sí ohun kan níwájú mi, mo lè jókòó ti bébà funfun fún wákàtí kan láìfi búrọ́ọ̀ṣì kàn án. Bí mo bá sì fi agídí bẹ̀rẹ̀, gbogbo àwọ̀ inú àpótí ni mo máa ń lò, wọn a pò mọ́ra wọn, wọn a sì di ẹrẹ̀. Níbo ni ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí ti ń rí ìmísí fún àwòrán tí kò ní àwòṣe? Ṣé inú ènìyàn ni ó ti ń wá ni, tàbí ohun kan wà tí ẹ máa ń wò? Ìbéèrè mi kejì ni ti ìwé náà: ṣé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ àti àwòrán wà lójú ewé kan náà, tàbí ọ̀rọ̀ yóò ba àwòrán jẹ́?

Ọmọ Ọlọ́nà

Ẹ kú ìbéèrè, mà. Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ tí ẹ sọ ni n ó kọ́kọ́ mú, nítorí èmi rò pé ibẹ̀ gan-an ni ìmísí ti ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́. Ẹni tí ó ní àwọ̀ méjìlá lárọ̀ọ́wọ́tó kì í fara balẹ̀ wo ohun tí ọ̀kan ṣoṣo lè ṣe. Àwọn baba ńlá wa pín àwọ̀ sí ọ̀wọ́ mẹ́ta: funfun, pupa àti dúdú. Abẹ́ pupa ni osùn, epo, iná àti ìyeyè wà. Abẹ́ dúdú ni aró, èédú àti ewé tí ó ṣú dáadáa wà. Funfun sì ni ti ẹfun, ti fàdákà àti ti àwọn àwọ̀ tí ó tutù lójú. Mo fẹ́ràn ìpín yìí gidigidi, nítorí bí àwọ̀ ṣe ń ṣe ara ènìyàn ni ó ń sọ: pupa a máa gbóná, funfun a máa tutù, dúdú a sì máa fa ojú wọ inú.

Fún oṣù kan, ẹ pa àpótí yẹn dé. Ẹ mú pupa kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní burnt sienna, tí ó jọ ìpẹtà, kí ẹ sì mú aró kan, irú ultramarine. Funfun bébà ni ẹ̀kẹta wọn. Bí ẹ bá po méjèèjì pọ̀, àwọ̀ eérú àti dúdú ni wọn yóò fún yín, wọn kò ní di ẹrẹ̀. Bí ẹ bá sì jẹ́ kí ultramarine dúró nínú omi púpọ̀, ẹ ó rí i tí yóò rọlẹ̀ sínú ihò wẹ́wẹ́ ojú bébà bí iyanrìn etí odò. Inú iyanrìn yẹn nìkan ni mo ti rí ojú ewé mẹ́wàá kùn. (Bébà tí ó nípọn ni kí ẹ lò, èyí tí ó tó 300 gíráàmù fún mítà onígun mẹ́rin kan, nítorí èyí tí ó fẹ́lẹ́ a máa ká kò bí ewé gbígbẹ.)

Ẹ bèèrè bóyá inú ènìyàn ni ó ti ń wá. Ní èrò tèmi, ojú ni ó ń gbà wọlé kí ó tó di ti inú. Ẹ gé fèrèsé kékeré sára páálí, kí ó má fẹ̀ ju ìka mẹ́ta lọ, kí ẹ sì gbé e lé ògiri àtijọ́, pánù tí ó ti dípẹtà, ìdí ìkòkò tí èéfín ti kùn, tàbí aṣọ tí epo ta sí. Ohun tí ó bá wà nínú fèrèsé yẹn nìkan ni kí ẹ kùn. Ẹ kò ní rí ògiri mọ́. Ibi tí omi òjò ti ṣàn kọjá ni ẹ ó rí, ibi tí ọ̀dà ti ṣí, àti ibi tí ọ̀rinrin ti sọ ọ́ di dúdú. Ọlọ́rọ̀ ni ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ìbàdàn jẹ́ nínú ọ̀ràn yìí. Ẹ gun òkè Mápó ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo àwọn òrùlé pánù tí ó tẹ́ lọ bí ẹní títí dé ibi tí ojú lè rí dé. Ilé ni ẹlòmíràn yóò rí. Ní tiyín, ẹ wo bí ìpẹtà kan ṣe ń ṣú ju òmíràn lọ, àti bí òjìji ṣe ń gé wọn sọ́tọ̀. Ẹ má ya òrùlé kankan níbẹ̀; ẹ padà sílé, kí ẹ kun ohun tí ẹ bá rántí.

Irú iṣẹ́ yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn obìnrin tí ń kun ògiri ojúbọ Òrìṣà Ìkirè máa ń fi àwọ̀ tí wọ́n fúnra wọn pò tún ògiri náà kùn lọ́dọọdún, tọdún yìí a sì bo tèṣí mọ́lẹ̀. Moyọ̀ Òkédìjí, ayàwòrán tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọnà tí wọ́n ń pè ní Ọnà sílẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1989, ṣe ìwádìí iṣẹ́ wọn, òun náà sì fi erùpẹ̀ ṣe ọ̀dà. Èmi náà ti kọ́ ọ. N ó bu erùpẹ̀ pupa, n ó ṣa òkúta rẹ̀, n ó pò ó mọ́ omi kí iyanrìn lè rọlẹ̀, n ó da omi pupa òkè sínú abọ́ mìíràn kí ó gbẹ, n ó sì lọ ohun tí ó kù kúnná lórí gíláàsì pẹ̀lú gum arabic tí mo ti yọ́ sínú omi. Oje igi yìí ni ó ń so ọ̀dà olómi pọ̀, títí kan èyí tí ẹ rà lọ́jà. Apá àríwá orílẹ̀-èdè wa, ní Borno, Yobe àti Jigawa, ni wọ́n ti ń kó o lára igi. Lọ́jọ́ tí orí bá kọ̀ tí kò gbé nǹkan kan wá, ọ̀dà ni mo máa ń lọ̀. Kí n tó lọ̀ ọ́ tán, ọwọ́ mi a ti máa wá bébà.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo fẹ́ fi ṣe ìkìlọ̀: ẹ má kàn da bátànì àdìrẹ kọ sínú ìwé kí ẹ sì pè é ní ìmísí. Ọ̀pọ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ wọn kì í sì í mí.

Aláró Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ìyá mi, mo kí yín. Ọwọ́ ìyá tí ó bí mi ni mo ti bá iṣẹ́ aró, àdìrẹ ẹlẹ́kọ sì ni mo ń ṣe. Ọ̀rẹ́ wa sọ òtítọ́ nípa àwọ̀, ṣùgbọ́n ohun tí ó ń dẹ́rù bà yín gan-an kò tíì kàn án: funfun bébà yẹn. Ẹ ń wò ó bí àyè òfìfo tí ẹ gbọ́dọ̀ dí. Lọ́dọ̀ tiwa, funfun ni iṣẹ́. Ẹ̀kọ láfún tí a fi álọ́ọ̀mù sí ni a ń fi ìyẹ́ adìyẹ yà sórí aṣọ, ibi tí ẹ̀kọ bá sì wà, aró kò ní ráyè wọ̀ ọ́. Bí mo bá ti jókòó ti aṣọ, n kì í ro ohun tí yóò dúdú. Ohun tí mo fẹ́ dá sí ni mo máa ń rò. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà olómi ṣe rí, nítorí funfun bébà tí ẹ bá dá sí ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, bí ẹ bá sì ti bò ó, ó ṣòro kí ẹ tó rí i gbà padà.

Nítorí náà, kí ẹ tó fi búrọ́ọ̀ṣì kan omi, ẹ bi ara yín pé kí ni ẹ fẹ́ dá sí lónìí. Ẹ mú àbẹ́là funfun, kí ẹ fi fa ohun tí ọwọ́ yín bá fẹ́ fà. Ẹ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí i lójú bébà. Lẹ́yìn náà, ẹ da aró yín lé e lórí. Ohun tí ẹ fà yóò jáde wá pàdé yín.

Ibi tí èmi àti ọ̀rẹ́ wa kò ti ní ṣe ọ̀kan ni ti bátànì. Dídà á kọ ni mo fi mọ̀ ọ́n. Ẹ wo bátànì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tí í ṣe ti ìlú yín. Òpó gbọ̀ngàn Mápó, tí wọ́n ṣí ní 1929, wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á kò ya gbọ̀ngàn. Òpó nìkan ni ó mú, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, ó fi ṣíbí sáàárín wọn, ojú sì ń gbọ́ ọ bí ìlù. Ẹ ya òpó yẹn nígbà ogún. Nígbà kọkànlélógún, ọwọ́ yín yóò yà kúrò lójú ọ̀nà fúnra rẹ̀, ohun tí ó bá sì yà sí ni tiyín.

Ní ti ọ̀rọ̀ inú ìwé: aṣọ tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ìkòkò aró a máa ní àwọ̀ ewé, afẹ́fẹ́ ni ó ń sọ ọ́ di aró lójú ẹni. Láti kékeré ni mo ti ń wò ó, kò sì tíì sú mi. Ọ̀dà olómi náà kì í dúró bí ẹ ti fi í sílẹ̀, ó máa ń ṣí bí ó bá gbẹ. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán bí ó ti rí ní tútù àti bí ó ti rí ní gbígbẹ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè ba àwòrán jẹ́.

Ará Lọ́ńdọ̀nù

Mo kí gbogbo yín. Mo gba àyè sílẹ̀ nígbà kan ní Tate Britain, ilé ìṣàfihàn àwòrán kan níbí, láti wo àwọn iṣẹ́ orí bébà tí J. M. W. Turner, ayàwòrán ará Gẹ̀ẹ́sì, fi sílẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1851. Díẹ̀ nínú wọn kò ju ọ̀já àwọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ, ìyeyè lókè, aró nísàlẹ̀, omi sì pa ààlà wọn rẹ́. Kò ṣe wọ́n láti fi hàn níta. Ó ń wá ibi tí ìmọ́lẹ̀ yóò jókòó sí nínú àwòrán tí yóò ṣe lẹ́yìn náà. Nígbà tí mo mọ̀ pé ìbẹ̀rẹ̀ lásán ni wọ́n jẹ́ lójú ẹni tí ó ṣe wọ́n, àyà mi balẹ̀ sí ìwé tèmi náà.

Ohun tí aláró wa sọ nípa òpó rán mi létí ayàwòrán Paul Klee, tí ó lọ sí Túnísíà ní oṣù kẹrin ọdún 1914 pẹ̀lú àwọn ayàwòrán ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, August Macke àti Louis Moilliet. Nínú àwọn iṣẹ́ ọ̀dà olómi tí ó ṣe ní ìrìn àjò yẹn, ó pín ilé, ọgbà àti ojú ọ̀run sí igun mẹ́rin-mẹ́rin àwọ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ pẹ̀lú òrùlé Ìbàdàn. Ní ti ọ̀rọ̀ àti àwòrán, ayàwòrán Frida Kahlo ti Mẹ́síkò pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé tí ó ń kọ ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá tí ó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀, títí di 1954, ó sì máa ń jẹ́ kí yíǹkì ta sójú ewé kí ó tó wo ohun tí yóò fi ṣe.

Olùkọ́ Ìfẹ̀yìntì, Ìbàdàn

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo gun òkè Mápó lánàá ní nǹkan bí aago márùn-ún ààbọ̀, mo sì fi àbẹ́là fa òpó mẹ́ta sójú bébà nígbà tí mo délé, kí n tó da ìpẹtà àti aró lé wọn. Òpó kejì tẹ̀ díẹ̀, òun ni mo sì fẹ́ràn jù. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti oṣù mẹ́ta, n kò jókòó wo bébà kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro kan ni ó kù: ibi tí àbẹ́là bá ti kàn kò gba àwọ̀ mọ́ títí láé, ó sì wù mí kí n fi pupa fẹ́ẹ́rẹ́ kan òpó yẹn lẹ́yìn tí aró bá gbẹ. Ṣé mo lè fi ẹ̀kọ láfún dípò?

Aláró Ìtòkú, Abẹ́òkúta

Ẹ lè lò ó, mà, mo ti gbìyànjú rẹ̀ lórí bébà tí ó nípọn. Ẹ sè é kí ó ki, ẹ fi ìyẹ́ yà á, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sùn mọ́jú kí ó lè gbẹ dénú. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí ẹ gba búrọ́ọ̀ṣì kọjá lórí rẹ̀, nítorí bí omi bá pẹ́ lórí ẹ̀kọ, yóò yọ́, aró yóò sì wọlé. Bí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ẹ fi ẹ̀yìn ṣíbí há a kúrò jẹ́jẹ́, ẹ má fi ọ̀bẹ sí i. Funfun tí ẹ ó bá nísàlẹ̀ rẹ̀ yóò gba pupa yín.