Ẹ̀rọ géèmù wo ni kí n rà fún àwọn ìbejì?

Ìyá Ìbejì
Ẹ kú ojúmọ́ o, gbogbo ilé. Àwọn ìbejì mi ti pé ọdún mẹ́wàá, wọn ò sì jẹ́ kí n sinmi mọ́. Switch ni Táíwò ń fẹ́, Kẹ́hìndé ní àfi PlayStation. Bàbá wọn ní ká ra ẹyọ kan tó bá lágbára jù, kí ariwo yìí lè tán nílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ẹ̀rọ, èwo ló lágbára jù?

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà
Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú. Ẹ fi ti agbára sílẹ̀ ná. Ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ géèmù tí wọ́n fẹ́. Orúkọ géèmù o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n máa dárúkọ ẹ̀rọ fún yín. Mario, Zelda àti Pokémon, ọwọ́ Nintendo tó ṣe Switch ni wọ́n wà, ẹ ò lè bá wọn lórí PlayStation tàbí Xbox. Bó bá jẹ́ Mario Kart ni Táíwò ń wá, tí ẹ wá ra èyí tó lágbára jù fún un, ẹ̀rọ á wà nílẹ̀, ẹkún náà á wà nílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́. Ní 1989 ni Game Boy, ẹ̀rọ alágbèéká Nintendo, jáde, ojú rẹ̀ ò ní àwọ̀ kankan tó dùn ún wò. Lọ́dún kejì ni Sega tó ń bá wọn díje gbé Game Gear tirẹ̀ dé ní Japan, aláwọ̀ mèremère, tó níná lójú. Ẹni tó bá rí méjèèjì á ní ìjà ti parí. Ṣùgbọ́n bátìrì mẹ́fà ni Game Gear ń gbà, wákàtí díẹ̀ ló sì fi ń jẹ wọ́n tán. Mẹ́rin péré ni Game Boy ń lò, ó sì ń pẹ́ jù ú lọ fíìfíì. Wọ́n tún fi géèmù Tetris sínú páálí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà àti Yúróòpù. Nígbà tó di 1996, Pokémon jáde lórí rẹ̀. Oríṣi méjì ni wọ́n ṣe é, ẹranko tó wà nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì, wáyà ni ọmọ méjì sì fi ń ṣe pàṣípààrọ̀. Ẹ rò ó wò: bí ọ̀rẹ́ ẹ bá ní Game Boy, ìwọ náà gbọ́dọ̀ ní in. Báyìí ni ẹ̀rọ ọlọ́dún méje ṣe tún di ọ̀tun.

Àbúrò Yín
Bọ̀dá, ẹ forí jì mí, ẹ̀yin àgbà lẹ mọ ti Game Boy 😂 Àmọ́ ìlẹ̀kùn tí wọ́n fi ń há géèmù mọ́ ẹ̀rọ kan ti ń ṣí. Sony tó ni PlayStation, tó sì há géèmù Horizon Zero Dawn mọ́ ọn ní 2017 gbé e lọ sórí kọ̀ǹpútà ní 2020. God of War tẹ̀ lé e ní 2022. Ẹ wo Microsoft: Halo ni wọ́n fi ṣílé Xbox ní 2001, àní wọ́n ti ra ilé iṣẹ́ tó ń ṣe é kó tó jáde. Ní 2025, àwọn fúnra wọn ló kéde pé Halo ń bọ̀ lórí PS5 (PlayStation karùn-ún)! Owó tí géèmù ńlá kan ń gbà ti pọ̀ ju ohun tí àwọn oníbàárà ẹ̀rọ kan ṣoṣo lè dá padà lọ.

Nítorí náà, Steam Deck ni èmi ń lò. Ó jáde ní 2022, alágbèéká ni, àwọn géèmù kọ̀ǹpútà ló ń gbé. God of War wà lọ́wọ́ mi nínú ọkọ̀ ojú irin. (Fortnite ò ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe tà á, ẹ tètè mọ̀.)

Bọ̀dá Oníkọ̀ǹpútà
Ìlẹ̀kùn Sony àti ti Microsoft lò ń wí. Ti Nintendo ṣì wà ní títì gbọin-in. Mo gbà pé géèmù nìkan ò lè gbé ẹ̀rọ tó ti dákú dìde, ṣá. Mario Kart 8 wà lórí Wii U, ẹ̀rọ Nintendo tó ṣáájú Switch, ní 2014, ẹ̀rọ yẹn ò tà ju mílíọ̀nù 13 àti díẹ̀ lọ títí wọ́n fi pa á tì. Wọ́n tún géèmù náà ṣe fún Switch ní 2017, ó ta ju mílíọ̀nù 60 lọ. Switch ṣeé gbé sọ́wọ́, ó ṣeé so mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyàtọ̀ nìyẹn.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì
Ẹ̀yin ọkùnrin, ìtàn lẹ̀ ń pa, ìyá yìí fẹ́ rajà. Ìyá Ìbejì mi, ẹ wo ojú páálí dáadáa. Mario Kart World, Switch 2 nìkan ló ń gbé e, Switch àtijọ́ ò lè gbé e. Ṣùgbọ́n Switch 2 ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú géèmù Switch àtijọ́. PS5 Digital àti Xbox Series S ò ní ojú díìsì, èmi ti ra díìsì délé kí n tó mọ̀. PlayStation Portal náà, ẹ má rò pé ó ń dá gbé géèmù, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló ti ń fà á wá. Géèmù tí ẹ bá sì rà lórí ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ kan, ẹ máa tún un rà ni bí ẹ bá yí sí ti ilé iṣẹ́ mìíràn. Minecraft àti Fortnite wà lórí Switch, PlayStation àti Xbox, ẹ má torí ìyẹn ná owó.

Ìyá Ìbejì
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti bi wọ́n. Mario Kart àti Pokémon ni Táíwò ń fẹ́. Kẹ́hìndé ní Fortnite, mo ti fẹ́ dúpẹ́, ló bá tún ní Spider-Man. Ṣé ó wà lórí Switch?

Àbúrò Yín
Èyí tó ń sọ yẹn? PlayStation àti kọ̀ǹpútà nìkan ni, mà.

Ìyá Ìbejì
Háà. Ẹ jẹ́ n lọ pe bàbá wọn.