Pullet ọ̀sẹ̀ 9: ṣé growers ni kí n rà àbí kí n kúkú máa fún wọn ní layers?

Ẹlẹ́yin_Mọ́níyà:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará wa tí ẹ ń sin adìyẹ. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo ní pullet (abo adìyẹ tí kò tíì yé) 40, irú adìyẹ ẹlẹ́yin tí wọ́n ń pè ní Isa Brown, wọ́n ti pé ọ̀sẹ̀ 9 báyìí, chick mash (oúnjẹ òròmọdìyẹ) tí wọ́n ń jẹ bọ̀ sì ti fẹ́ tán. Mo lọ síbi tí wọ́n ti ń ta fíìdì pé kí n lọ ra growers, oúnjẹ adìyẹ tó ń dàgbà, ni ẹnì kan tá a jọ wà níbẹ̀ bá ní kí n má fowó ṣòfò, kí n kúkú bẹ̀rẹ̀ layers, oúnjẹ àwọn tó ti ń yé, fún wọn pé wọ́n á tètè yé. Ẹlòmíì tún ní kí n ra àgbàdo kí n lọ̀ ọ́ kí n pò ó mọ́ growers, ààbọ̀ ààbọ̀, pé ọgbọ́n tóun ń dá nìyẹn tówó fíìdì ò fi tíì lé òun kúrò nídìí adìyẹ. Mo wo ara àwọn báàgì náà, growers kọ protein 15 tàbí 16 nínú ọgọ́rùn-ún, layers kọ 16 àti díẹ̀. Ṣebí ọ̀kan náà ni nígbà yẹn? Kí ló dé tá a wá ń yà wọ́n sọ́tọ̀?

Bàbá_Ẹlẹ́yẹ:
Ẹ má dán an wò o mà. Kì í ṣe protein ló yà wọ́n, calcium ni. Growers, calcium inú ẹ̀ ò ju bí ìpín 1 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ti layers tó 3.5 sí 4. Èyí tó ń yé ń fi ṣe èèpo ẹyin, ojoojúmọ́ ló ń ná an. Ọmọ ọ̀sẹ̀ 9 tí ò ní ẹyin kankan nínú, ibo ló fẹ́ gbé e lọ? Kíndìnrín ló máa ru gbogbo ẹ̀. Ẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ rí i pé ìgbẹ́ wọn ń ṣomi, ẹ̀ẹ́ máa rò pé àìsàn ni, ẹ̀ẹ́ máa ra oògùn kiri, tó bá yá wọ́n á máa kú lọ́kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé wọ́n ṣàìsàn tó hàn síta. Tí dókítà bá la irú ẹ̀, kíndìnrín á ti wú, nǹkan funfun bí ẹfun á bo ẹ̀dọ̀ àti ọkàn.

Ọ̀rọ̀ pé wọ́n á tètè yé yẹn, ọjọ́ orí àti ìmọ́lẹ̀ ló ń mú adìyẹ yé, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sára báàgì. Èyí tí wọ́n bá sì fi iná alẹ́ lé sídìí ẹyin kí ara ẹ̀ tó gbó, ẹyin wíwẹ́ ló máa kó jáde, òmíì ìdí ẹ̀ á yọ síta, àwọn yòókù á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá a jẹ.

Growers ni kí ẹ rà. Chick mash tó kù yẹn, ẹ pò ó mọ́ ọn kó tó tán pátápátá, kí growers máa pọ̀ sí i díẹ̀díẹ̀ fún bí ọ̀sẹ̀ kan, ẹ má kàn yí i lójijì.

Máàṣì_Ìlera:
Bàbá ti sọ ti layers, ẹ jẹ́ kí n sọ ti àgbàdo torí òun gan-an ló ń ba ẹyẹ èèyàn jẹ́ ládùúgbò wa níbí. Protein àgbàdo ò ju bí 9 lọ. Growers tẹ́ ẹ fowó gidi rà, 16. Tẹ́ ẹ bá pò wọ́n ní ààbọ̀ ààbọ̀, 12 àti ààbọ̀ ló kù yẹn, fítámì àti lysine (ọ̀kan lára ohun tó para pọ̀ di protein) inú ẹ̀ náà ti dín gan-an. Ẹyẹ á máa jẹ, ikùn á yó, ṣùgbọ́n kò ní ga, ìyẹ́ ò ní kún, wọ́n á wá máa fa ìyẹ́ ara wọn tu. Ọ̀sẹ̀ 17 á pé, ẹ̀ẹ́ gbé wọn sórí ìwọ̀n, wọn ò ní súnmọ́ kílò kan àti 400 gíráàmù tó yẹ kí wọ́n wà.

Tó bá jẹ́ owó ni ìṣòro, ẹ kọ́kọ́ ṣírò ohun tí wọ́n ń jẹ ná. Ní ọjọ́ orí yìí bíi 60 gíráàmù lójúmọ́ fún ẹyẹ kan, 40 ẹyẹ jẹ́ kílò 2.4, báàgì 25kg kan ọjọ́ 10 ni, á sì máa lọ sókè títí dé bí 80 gíráàmù. Àwọn tó ń pò ó fúnra wọn wà o, èmi náà ń pò ó, àmọ́ àgbàdo nìkan kọ́, sóyà á wà níbẹ̀ (kẹ́ ẹ yan án o, sóyà tútù ò da nínú adìyẹ), kúlíkúlí, wheat offal (èèpo àlìkámà), PKC (èérí ekùrọ́ tí wọ́n ti fún epo rẹ̀), eegun lílọ̀, premix (àpòpọ̀ fítámì àti mineral), iyọ̀. Fún ẹyẹ 40 wàhálà ẹ̀ ju èrè ẹ̀ lọ, ẹ ra ti báàgì.

Ẹ yẹ táàgì tí wọ́n rán mọ́ ẹnu báàgì wò, déètì wà níbẹ̀. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò, ta ló mọ ìgbà tí wọ́n tú u? Tó bá ti ń rùn tàbí tó dì bí ẹ ṣe ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ dá a padà, fíìdì tó bá ti bu, sísá a sóòrùn ò lè yọ májèlé inú ẹ̀.

Ọmọ_Ìlọràá:
Ẹ̀yin èèyàn yìí ń dẹ́rù bani jàre 😂 adìyẹ ìyá àgbà mi ò mọ growers kò mọ layers, èèpo iṣu àti ọkà tó dà sílẹ̀ ni, wọn ò sì kú.

Bàbá_Ẹlẹ́yẹ:
@Ọmọ_Ìlọràá adìyẹ ìbílẹ̀ ń tú ilẹ̀ jẹ ikán, ó ń jẹ kòkòrò, ó ń jẹ ewé, ó yé ẹyin mélòó kan, ó sàba, ó dákẹ́. Isa Brown tó wà nínú kéèjì tẹ́ ẹ ń retí ẹyin lọ́wọ́ ẹ̀ lójoojúmọ́, ibo ló ti fẹ́ rí ikán?

Ẹlẹ́yin_Mọ́níyà:
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bù sí i fún yín. Growers náà ni mo máa rà. Ṣùgbọ́n nǹkan kan kù tí mi ò sọ, àwọn àgbébọ̀ mẹ́fà tó ti ń yé tẹ́lẹ̀ wà nínú ilé kan náà pẹ̀lú wọn, ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń rìn. Layers làwọn ń jẹ. Báwo ni mo ṣe máa pín in, torí abọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń dù?

Máàṣì_Ìlera:
Háà, ìyẹn gan-an ni kókó. Ẹ fi wáyà nẹ́ẹ̀tì pín ilé yẹn sí méjì lónìí, ó tán. Àgbà á máa ṣá ọmọdé kúrò nídìí abọ́, àìsàn ara àgbà á sì máa ran ọmọdé.

Bàbá_Ẹlẹ́yẹ:
Òótọ́ ni, pípín in ló dáa jù. Àmọ́ tí àyè ò bá tíì sí, ẹ fún gbogbo wọn ní growers, kẹ́ ẹ wá gbé oyster shell (ìkarahun inú omi tí wọ́n fọ́, calcium ló kún inú ẹ̀) sínú abọ́ míì lọ́tọ̀. Èyí tó ń yé á lọ ṣá a bí ara ẹ̀ ṣe fẹ́, àwọn ọmọ ò ní kà á sí. Ẹyin lè dín díẹ̀, kò burú, àwọn 40 yẹn lọjà yín ti ń bọ̀. Títí dé ọ̀sẹ̀ 17 sí 18 o, nígbà tí ogbe wọn bá ti pọ́n tó sì jẹ́ pé bẹ́ ẹ ṣe gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn wọn báyìí wọ́n á lóṣòó, nígbà yẹn ni kẹ́ ẹ máa pò layers mọ́ ọn.

Ẹlẹ́yin_Mọ́níyà:
Oyster shell yẹn, ṣé èyí tí wọ́n lọ̀ kúnná bí èlùbọ́ yẹn ni?

Bàbá_Ẹlẹ́yẹ:
Rárá mà, èyí tó rí wóró wóró ni kẹ́ ẹ bèèrè. Wọ́n ń tà á níbi tí wọ́n ti ń ta fíìdì, ó sì máa ń pẹ́ láyé fẹ́yẹ mẹ́fà.