Ilẹ̀ etíkun níbi tí èrò kò tíì ya dé: kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó sanwó?

Olùbéèrè
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ẹgbẹ́. Ilẹ̀ méjì ni wọ́n fi hàn mí létíkun kan tó ṣì pa rọ́rọ́. Ọ̀kan kọjú sí òkun gan-an. Èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀ ní nǹkan bíi 400 mítà, òun ló sì dínwó. Ilé kékeré ni mo fẹ́ kọ́ síbẹ̀ fún àwọn tó ń wá lo ìsinmi, tó bá yá kí n tà á. Wọ́n ní ọ̀nà ọ̀dà ń bọ̀. Èwo ni kí n mú?

Awọnlẹ̀
Ẹ má tíì bá wọn ná an. Ẹ kọ́kọ́ wádìí ibi tí òkun dé ní 20 ọdún sẹ́yìn. Google Earth ní àwòrán àtijọ́ tí ẹ lè wò lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ wá ohun kan tí kì í kúrò lójú kan, bí oríta tàbí ilé àtijọ́, kí ẹ wọ̀n láti ibẹ̀ dé ibi tí koríko tán sí lápá òkun. Ẹ má wọn etí omi fúnra rẹ̀, torí omi ń kún, ó ń fà láàárín wákàtí mélòó kan, yóò tàn yín jẹ. Ẹ ṣe é fún ọdún mẹ́rin tàbí márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ wá fi iye ọdún pín ohun tó dín.

Ká ní òkun ń jẹ mítà kan ààbọ̀ lọ́dún. Ní 30 ọdún, mítà 45 ti lọ nìyẹn. Kò sì ní jẹ ẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí a ṣe ṣírò yìí: ó lè dákẹ́ fún ọdún mélòó kan, kí ìjì kan ṣoṣo wá gbé ti ọdún mẹ́wàá lọ lóru. Ohun tí ọ̀pọ̀ olùrà kì í rò ni pé òfin ibi púpọ̀ ya àlàfo sọ́tọ̀ láti ibi tí omi ń kún dé, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé sí. Bí òkun bá ń wọlé, àlàfo náà lè máa tẹ̀ lé e wọlé. Ìwé ilẹ̀ yín kò ní yí padà, ṣùgbọ́n ibi tí ẹ lè kọ́lé sí á máa dín kù.

Ẹ tún wo ọ̀tún àti òsì. Ìgbì máa ń wọ́ yanrìn gba ẹ̀gbẹ́ etíkun lọ. Bí wọ́n bá to òkúta wọnú òkun tàbí kọ́ èbúté níbì kan, yanrìn á gbárajọ sí apá kan, apá kejì kò ní rí yanrìn gbà mọ́. Apá kejì yẹn lòkun máa ń jẹ.

Agbẹjọ́rò
Ẹ fúnra yín lọ sí ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń forúkọ ilẹ̀ sílẹ̀; ẹ má gba ẹ̀dà ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ń tà kí ẹ sì sùn lé e. Ẹ jẹ́ kí awọnlẹ̀ tiyín fi ìwé wé òpó igun ilẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ogún, gbogbo ẹni tó ní ẹ̀tọ́ níbẹ̀ ni kó buwọ́ lùwé. Èkejì tó wà lẹ́yìn yẹn, ibo lẹ máa gbà dé òkun? Bí ọ̀nà ẹsẹ̀ náà bá gba orí ilẹ̀ ẹlòmíràn kọjá tí kò sì sí nínú ìwé, ọjọ́ tí onílẹ̀ bá mọ ògiri lọ̀nà dí.

Ní ti ọ̀nà ọ̀dà, ẹ béèrè àwòrán ibi tó máa gbà. Ó lè gba àárín ilẹ̀ yín.

Ẹnjiníà
Mo fara mọ́ ti ẹ̀yìn, àmọ́ 400 mítà nìkan kò tó fọkàn balẹ̀ lé. Ẹ̀yìn òkìtì yanrìn sábà máa ń lọ sílẹ̀ ju etíkun lọ, òmíràn sì jẹ́ àbàtà tí wọ́n kó yanrìn dí. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ á máa rì fún ọdún púpọ̀, ilé á sì là. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbẹ́ ihò ìdánwò kí ẹ tó sanwó. Ẹ lọ wò ó nígbà òjò, lọ́jọ́ tí òṣùpá bá di àrànmọ́jú tàbí tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, torí ìgbà náà ni omi òkun ń kún jù.

Omi kànga: omi tútù, ìyẹn èyí tí kò níyọ̀, máa ń léfòó lórí omi iyọ̀ nísàlẹ̀ ilẹ̀. Ní ìṣirò, mítà kan omi tútù tó ga ju òkun lọ dúró fún nǹkan bíi 40 mítà rẹ̀ nísàlẹ̀. Bí ẹ bá fa omi jù tó fi lọ sílẹ̀ ní ìdajì mítà péré, iyọ̀ á gòkè tó 20 mítà. Ẹ yẹ omi kànga àwọn aládùúgbò wò nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Tí chloride, èròjà kan lára iyọ̀, bá ti kọjá 250 mílígíráàmù nínú lítà kan, ahọ́n ti ń mọ iyọ̀ nìyẹn.

Ìgbẹ́ àti omi ìdọ̀tí náà ńkọ́? Níbi tí omi ilẹ̀ bá súnmọ́ òkè, sókàwéè, ihò tí omi ìdọ̀tí ń gbà wọnú ilẹ̀, kò ní fà mu, á sì ba kànga jẹ́.

Kọnkéré ni mo fẹ́ kí ẹ le mọ́ jù. Iyọ̀ á wọlé dé ara irin, irin á dógùn-ún, ìdógùn-ún á wú, kọnkéré á sì bẹ́. Kọnkéré tó bo irin kò gbọdọ̀ dín ní mílímítà 50, ó di 75 níbi tó bá kan ilẹ̀. Fún àpò sìmẹ́ńtì oní kílò 50, omi kò gbọdọ̀ ju lítà 20 lọ, kí ẹ sì ka omi tó wà nínú yanrìn mọ́ ọn. Á le láti pò. Oògùn tó ń mú un rọ̀ ni kí wọ́n fi sí i, kì í ṣe omi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bu yanrìn etíkun po sìmẹ́ńtì, bó ti wù kó rọrùn tó. Ìṣó àti ìdè ìlẹ̀kùn: irin stainless tí wọ́n ń pè ní 316 ni kí ẹ lò, òun ló ń gba iyọ̀ mọ́ra jù, kì í ṣe 304.

Alágbàtà ilé
Ẹ má ṣírò owó àlejò fún oṣù méjìlá. Ẹ fi ìdajì ọdún ṣe é, kí ẹ yọ owó àtúnṣe kúrò. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò báyìí bóyá wọ́n á gbà á. Ibi tó dákẹ́ ni ilé ti ń pẹ́ kó tó tà, nítorí náà ẹ má fi owó ẹ̀yáwó onígbà kúkúrú ṣe é.

Olùbéèrè
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ẹni tó ń ta ti iwájú ní wọ́n máa mọ odi dí òkun, pé ìyẹn á yanjú rẹ̀.

Awọnlẹ̀
Odi ń dáàbò bo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Yanrìn iwájú rẹ̀ kò sí nínú àdéhùn yẹn. Ìgbì tó kọlù ú á ta padà, á máa gbẹ́ ìdí rẹ̀, níbi tí òkun bá sì ti ń wọlé tẹ́lẹ̀, iyanrìn tí àlejò ń bá wá á tán. Ibi tí odi parí sí lòkun sì ti ń jẹun jù. Ẹ bi í pé ta ni yóò sanwó rẹ̀, ta ni yóò máa tún un ṣe, ibo ló sì parí sí. Bí kò bá ní àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́, ẹ ná ilẹ̀ náà bí ẹni pé odi kò ní sí.