"Tèmi!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìrírí tèmi nípa bí ẹni méjì ṣe lè jọ gbá tẹníìsì láì dí ara wọn lọ́wọ́. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí èmi àti ẹ̀gbọ́n kan ti jọ ń gbá tẹníìsì ẹlẹ́ni méjì-méjì. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni wọ́n, olùkọ́ èdè Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ Sátidé, wọ́n á wakọ̀ láti Iléṣà, wọ́n á gba Òṣú wọ Ifẹ̀, a ó sì pàdé lórí pápá tẹníìsì ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kí oòrùn tó mú. Bọ̀dá ni mo ń pè wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ogún ọdún ni wọ́n fi jù mí lọ.

Bí a bá ń dá gbá a, àwa méjèèjì kì í ṣe ẹran rírọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí a kọ́kọ́ jọ lọ figagbága ní Iléṣà, àwọn méjì kan tí ẹsẹ̀ wọn kò yá tó tiwa nà wá ní sẹ́ẹ̀tì (abala eré) méjì, 6–1, 6–2. Ibì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbá bọ́ọ̀lù sí: àárín wa.

Mo ṣì rántí ọ̀kan. Bọ́ọ̀lù náà kò le rárá. Ó fò kọjá àwọ̀n, ó ń bọ̀ láàárín èmi àti Bọ̀dá, èmi ni mo sì súnmọ́ ọn jù. Mo gbé rákẹ́ẹ̀tì sókè, mo rí i pé Bọ̀dá náà ti gbé tiwọn, mo bá fà sẹ́yìn. Bọ̀dá rò pé mo fẹ́ gbá a, àwọn náà dúró. Bọ́ọ̀lù ta lẹ́ẹ̀kan, ó ta lẹ́ẹ̀kejì, ó yí lọ sí ìdí ògiri.

Ó dùn mí wọra. Ní ilé tí wọ́n ti tọ́ mi, ẹ̀gbọ́n ló ń kọ́kọ́ mú ẹran. Báwo ni mo ṣe fẹ́ pariwo "Fi í sílẹ̀!" mọ́ Bọ̀dá? Kí n sì tó sọ tán pé "Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀ fún mi", bọ́ọ̀lù ti kọjá lọ.

Àwọn méjì yẹn mọ ohun tí wọ́n ń ṣe o. Àwọ̀n tẹníìsì ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àtààbọ̀ lẹ́bàá òpó, ṣùgbọ́n 3 péré ni láàárín. Ibẹ̀ ló rọrùn jù láti gbà. Ẹni tó bá sì gba bọ́ọ̀lù láàárín pápá, ó ṣòro fún un láti gbá a yà sí ẹ̀gbẹ́ pápá kó bọ́ mọ́ ẹ lọ́wọ́.

Bọ̀dá ló wá ojútùú rẹ̀. Wọ́n ní, "Ọ̀rọ̀-orúkọ kò mọ àgbà, kò mọ ọmọdé. Òun ni ká máa pè." Bí a ṣe yọ "ẹ" àti "o" kúrò lẹ́nu lórí pápá nìyẹn. "Tèmi!" ni ẹni tó fẹ́ gbá a máa pè, ẹni tó bá kọ́kọ́ pè é ló ni ín. "Ìta!" túmọ̀ sí pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án, ó ń jáde. Bí wọ́n bá gbé bọ́ọ̀lù ga kọjá orí Bọ̀dá nídìí àwọ̀n, mo máa sáré lọ gbà á lẹ́yìn wọn, mo máa pe "Òdìkejì!", Bọ̀dá á sì sún sí ibi tí mo fi sílẹ̀.

Ohun kejì ni ibi tí a ń dúró sí. Ọlọ́wọ́ òsì ni Bọ̀dá, apá òsì ni wọ́n sì máa ń dúró, èmi lápá ọ̀tún. Ẹ̀yìn ọwọ́ àwa méjèèjì, ibi tí a kò ti lágbára, ló wá ń pàdé láàárín, níbi tí ìyà ti ń jẹ wá gan-an. A pààrọ̀ ẹ̀ (kí sẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ ni o, òfin kò gbà kí ẹ pààrọ̀ apá tí ẹ ti ń gba sáàfù, ìyẹn bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ eré, láàárín sẹ́ẹ̀tì). Ní báyìí, ọwọ́ tó lágbára ló wà láàárín. Bob àti Mike Bryan, àwọn ìbejì ará Amẹ́ríkà tí wọ́n jọ gba ife 16 nínú àwọn ìdíje Grand Slam, ìdíje tẹníìsì mẹ́rin tó tóbi jù lágbàáyé, bákan náà ni: ọ̀kan olósì, ọ̀kan ọlọ́tún.

Bí mo bá fẹ́ sáàfù, Bọ̀dá á dúró nídìí àwọ̀n, wọ́n á fọwọ́ sẹ́yìn. Bí wọ́n bá di ìkúùkù, wọn ò ní kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá la àtẹ́lẹwọ́, wọ́n fẹ́ sọdá lọ já bọ́ọ̀lù gbà. Mo máa sáàfù sí àárín, mo máa sáré lọ dí àyè wọn. Ìgbà àkọ́kọ́ tó bọ́ sí i, mo kígbe débi pé àwọn tó ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá dúró wò wá.

A padà sí Iléṣà lóṣù tó kọjá. Àwọn méjì ọjọ́sí náà ni. Wọ́n gba sẹ́ẹ̀tì kìíní, 7–5. Nínú èkejì, bọ́ọ̀lù kan tún rọra ń bọ̀ láàárín wa, bíi ti àtijọ́ gẹ́lẹ́. Mo pariwo "Tèmi!" Bọ̀dá kò tilẹ̀ wo ojú mi. Wọ́n ti ń sáré lọ dí ẹ̀yìn mi.