Ṣé kí a pa àkókò ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ́ nítorí ìdánwò WAEC?

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin olùkọ́ àti òbí tí ẹ wà níbí. Ilé-ìwé girama ìjọba kan ni mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní kẹ́mísírì, ní ìlú kékeré kan ní Òkè-Ògùn, ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa fi díẹ̀ lé ní 200, olùkọ́ tí ìjọba gbà kò sì pé mẹ́wàá. Àwọn agùnbánirọ̀ ló ń bá wa dí àlàfo tó kù. Lórí àtẹ àkókò iṣẹ́ wa, wákàtí tó kẹ́yìn ní ọjọ́ Ẹtì wà fún ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ẹgbẹ́ mẹ́jọ la sì ní lórí ìwé: JETS (ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ọmọ tó fẹ́ràn sáyẹ́ǹsì àti iṣẹ́ ẹ̀rọ), ẹgbẹ́ àríyànjiyàn, ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn, Red Cross, Scout, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbẹ̀, ẹgbẹ́ àṣà àti ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé. Mo ní lórí ìwé, nítorí pé nínú mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, méjì péré ni mo rí tó ṣe ìpàdé ní sáà tó kọjá. Àwọn ọmọ yòókù a máa gbá bọ́ọ̀lù, tàbí kí wọ́n gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sílé.

Ọ̀gá àgbà wa ti wá pinnu pé láti sáà tó ń bọ̀, wákàtí yẹn yóò di ti ẹ̀kọ́ àfikún fún àwọn ọmọ SS2 àti SS3, nítorí pé èsì WAEC wa tó kẹ́yìn kò dára, pàápàá nínú ìṣirò àti èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ó ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí a máa pa làpálàpá. N kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò nídìí, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bójú tó JETS, mo sì mọ ohun tí ojú mi rí níbẹ̀. A kò ní bébà tí wọ́n fi ń dán omi kíkan wò, nítorí náà àwọn ọmọ se ìṣápá pupa tí àwọn ìyá wọn fi ń ṣe sóbò, wọ́n sì fi omi rẹ̀ dán omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti omi eérú wò. Nínú omi ọsàn, ó pọ́n sí i. Nínú omi eérú, ó di àwọ̀ ewé. Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu ní kíláàsì ló wá béèrè pé, ṣé ohun tó wà nínú eérú náà ló ń sọ àdín di ọṣẹ nígbà tí ìyá àgbà òun bá ń se ọṣẹ dúdú. Bí ọ̀rá ṣe ń di ọṣẹ wà nínú ohun tí WAEC ń béèrè, èmi kò sì tíì dé ibẹ̀ ní kíláàsì rárá.

Ìbéèrè mi nìyí: báwo ni mo ṣe lè bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ tí kò fi ní dà bí ẹni pé mò ń ta kò ó? Bí ó bá sì gbà, ẹgbẹ́ wo ni kí a dá sí, èwo ni kí a jọ̀wọ́ rẹ̀?

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ kú akitiyan. Ọdún 31 ni mo fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ilé-ìwé ìlú kékeré ni mo sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ èyí tí àwọn ará ìlú fi owó àti ọwọ́ ara wọn kọ́ ní 1980, nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ìjọba kéde ní 1979 mú kí ọmọ ya wọ ilé-ìwé girama káàkiri ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ìgbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí kò ní dùn mọ́ ọ̀pọ̀ nínú: ẹgbẹ́ mẹ́jọ ti pọ̀ jù fún 200 ọmọ. Ilé-ìwé ńláńlá ní Ìbàdàn àti Èkó la ti da orúkọ wọn kọ, láìwo iye olùkọ́ tí a ní. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọ̀rọ̀ agùnbánirọ̀. Láti ìgbà tí ìjọba ti dá ètò náà sílẹ̀ ní 1973, oore tí àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí ti ṣe fún ìlú kéékèèké kò ṣeé kà tán, ṣùgbọ́n ọdún kan ni wọ́n ń lò, ẹgbẹ́ tí agùnbánirọ̀ bá sì dá nìkan gbé ró a máa bá a wọ ọkọ̀ lọ. Ní ilé-ìwé kan tí mo ti jẹ́ igbákejì ọ̀gá àgbà, agùnbánirọ̀ kan dá ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn sílẹ̀. Wọ́n kan pátákó mọ́ ara ògiri, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni àwọn ọmọ sì ń lẹ ìròyìn ìlú mọ́ ọn. Ó lọ ní oṣù Keje. Nígbà tí a wọlé ní oṣù Kẹsàn-án, orúkọ àwọn ọmọ tó jẹ gbèsè owó ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́ ni a ń lẹ mọ́ pátákó náà, èmi gan-an ni mo sì ń fọwọ́ sí i.

Ní ti Scout, láti ìgbà tó ti dé Nàìjíríà ní 1915, ẹni tó gba ìdálẹ́kọ̀ọ́ ló yẹ kó máa darí rẹ̀. Bí ẹ kò bá ní irú ẹni bẹ́ẹ̀, aṣọ kakí àti yíyan bí ológun ni yóò kù, aṣọ náà sì wọ́n. Ẹ jẹ́ kó sinmi ná.

Red Cross ni n kò ní gbà pé kí ẹ pa. Ìlú àgbẹ̀ ni ìlú yín, ejò sì ń ṣán ènìyàn lóko. Ọmọ tó bá mọ̀ pé wọn kì í fi abẹ gún ojú ibi tí ejò ti ṣán ni, pé wọn kì í fi okùn dì í pinpin, pé kí wọ́n bọ́ òrùka àti ẹ̀gbà kí ọwọ́ tó wú, kí wọ́n má jẹ́ kí ẹni náà rìn, kí wọ́n sì gbé e dé ilé-ìwòsàn kíákíá, ọmọ náà wúlò fún gbogbo agboolé rẹ̀. Ohun tí ẹgbẹ́ náà fi ń kọ́ni kò ju aṣọ àlòkù àti igi pẹlẹbẹ díẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá fẹ́ bá ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe dárúkọ ìgbádùn tàbí ìsinmi ọpọlọ níwájú ẹni tí àwọn ọ̀gá tirẹ̀ ń bi léèrè èsì WAEC. Ẹ gbé ìlànà ẹ̀kọ́ WAEC lọ bá a, kí ẹ fa ìlà sábẹ́ ibi tí ọṣẹ wà. Ẹ tún fi hàn án pé ìjálá, rárà àti ẹkún ìyàwó tí ẹgbẹ́ àṣà ń kọ́ jẹ́ ara lítíréṣọ̀ alohùn tí wọ́n ń bi ọmọ nínú iṣẹ́ Yorùbá. Ní agbègbè yín, àwọn ìyá tó sun ẹkún ìyàwó nígbà tí wọ́n ń lọ ilé ọkọ ṣì wà, wọn kò sì ní gba owó lọ́wọ́ yín kí wọ́n tó wá. Ìwé èsì sáà tí a ń kọ fún òbí pàápàá ní àyè fún ìwà, ìfọwọ́sowọ́pọ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́. Ọjọ́ ti pẹ́ tí a ti ń kọ A àti B síbẹ̀ láìrí ohun tí ọmọ fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe.

Ìyá Oníṣòwò

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà wa. Èmi kì í ṣe olùkọ́, gàrí ni mò ń tà, ṣùgbọ́n mo ní ọmọ mẹ́ta nílé-ìwé girama, ìlú wa kò sì yàtọ̀ sí èyí tí tíṣà ń ṣàpèjúwe. Ó yà mí lẹ́nu pé kò sí ẹni tó mẹ́nu kan ìrun ọjọ́ Ẹtì. Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ló ń lọ kírun Jímọ̀ ní ọ̀sán, tí ẹ bá sì sọ pé wọ́n ń gba ẹ̀yìn ọgbà lọ, ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n bóyá mọ́sálásí ni wọ́n ń lọ. Àwọn ọmọbìnrin wa ńkọ́? Bí ó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, mo nílò ọmọ mi, kí n má purọ́.

Ohun kan tún wà. Nígbà tí ọmọ mi ọkùnrin sọ fún mi pé òun ti wọ ẹgbẹ́ kan, pé lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá tú ni wọ́n ń ṣe ìpàdé, n kò fojú ba oorun lóru ọjọ́ náà, nítorí ohun tí a ń gbọ́ nípa ẹgbẹ́ òkùnkùn. Ẹgbẹ́ àríyànjiyàn ni, àfi ìgbà tí mo fi ìbínú dé ilé-ìwé ni mo tó mọ̀. Ẹ kọ ìwé pélébé sí òbí, kí orúkọ olùkọ́ tó ń bójú tó ẹgbẹ́ náà àti aago tí wọn yóò tú wà níbẹ̀.

Ní ti ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ àgbẹ̀, ara kì í rọ̀ mí tí mo bá gbọ́ ọ. Níbi tí àwọn ọmọ mi kọ́kọ́ wà, wọ́n ní kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́. Àwọn ọmọ ro oko náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ìgbà tí ẹ̀gẹ́ tó wú, wọ́n wà nínú ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, n kò sì tíì pàdé ọmọ kan tó jẹ nínú gàrí rẹ̀. Ẹni tó ń ra ẹ̀gẹ́ ni mí, mo mọ ohun tí oko bẹ́ẹ̀ ń mú wọlé. Bí ẹ bá máa gbin nǹkan, tẹ̀tẹ̀ ni kí ẹ gbìn, tí kò ní ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lọ kó tó tó gé. Ojú àwọn ọmọ ni kí ẹ ti tà á, inú sáà kan náà, kí akápò wọn sì jẹ́ ọmọ ilé-ìwé.

Agùnbánirọ̀ Àná

Bàbá wa Olùkọ́ Fẹ̀yìntì sọ òtítọ́ nípa wa, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, sà, ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwa nìkan: nígbà tí mo ń lọ, mo wá ẹni tí mo lè fi ìwé àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ àríyànjiyàn lé lọ́wọ́, n kò rí. Akọ̀wé ẹgbẹ́ tó wà ní SS1 ni mo fún nígbẹ̀yìn.

Ohun tí ó gbé ẹgbẹ́ náà dìde lọ́wọ́ wa ni pé Yorùbá la fi jiyàn ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a sì fi Gẹ̀ẹ́sì jiyàn lórí kókó kan náà ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ ohun tí wọ́n fẹ́ sọ kò ní iṣẹ́ mìíràn lọ́sẹ̀ kejì ju kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bá a mu, àwọn kan nínú wọn sì kọ àríyànjiyàn náà gẹ́gẹ́ bí àròkọ lẹ́yìn náà. Nítorí pé òfin ilé-ìwé náà ka Yorùbá sísọ sí ẹ̀ṣẹ̀, mo kọ́kọ́ ní láti tọrọ àṣẹ kí àwọn ọmọ Yorùbá tó lè sọ Yorùbá fún wákàtí kan. Bí èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀gá àgbà ń rojọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ yìí kọ́ ló yẹ kó kọ́kọ́ pa.

Olùkọ́ Kẹ́mísírì

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ ṣeun tí ẹ rán mi létí ìrun Jímọ̀; Mùsùlùmí ni èmi gan-an, èmi náà sì máa ń wá ẹni tí yóò dúró fún mi ní àkókò yẹn. Ọjọ́rú ni n ó dábàá. Mo tún ṣe ìṣirò ọjà wa: ọjà ọrọọrún, bí a bá kà á ní ìkà òde òní, ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin ló ń pé, mẹ́rin àti méje sì pàdé ní 28, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan péré ni ọjà lè bọ́ sí Ọjọ́rú láàrin ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ní Ọjọ́rú bẹ́ẹ̀, a ó jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ.

Ẹgbẹ́ mẹ́rin ni n ó gbé síwájú ọ̀gá àgbà: JETS, àríyànjiyàn, Red Cross àti àṣà. Ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé yóò wọ inú ẹgbẹ́ àṣà. Tẹ̀tẹ̀ yóò wà lábẹ́ JETS, kí a lè fi ìdajì ebè dán ìgbẹ́ adìyẹ wò, kí a má fi nǹkan kan sí ìdajì kejì. Ọjọ́ Ẹtì yóò wà fún ẹ̀kọ́ àfikún bí ọ̀gá àgbà ṣe fẹ́, ṣùgbọ́n yóò tú kí ìrun tó bẹ̀rẹ̀. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan yóò ní olùkọ́ ìjọba kan, agùnbánirọ̀ yóò sì máa ràn án lọ́wọ́.

Ẹni tí yóò gba Red Cross ni n kò tíì rí. Olùkọ́ tó yẹ ní òun kò lè rí ẹ̀jẹ̀ sójú.

Olùkọ́ Fẹ̀yìntì

Ẹ lọ sí ibùdó ìlera ìlú yín, kí ẹ bi nọ́ọ̀sì ibẹ̀ bóyá ó lè yọjú lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Kí olùkọ́ yẹn máa pe orúkọ àwọn ọmọ, kó sì máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí. Ẹ̀jẹ̀ kò sí nínú ìyẹn.